Mi Ò Ní Dín Ògiri Aṣọ Náà Kù

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ó tún kú. Bí mo ṣe ṣí ìran ògiri aṣọ inú fíìmù mi báyìí, kọ̀ǹpútà yìí dúró gbagidi, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tòní ká mi lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ohun tí dókítà ojú sọ fún wa lọ́jọ́ Ajé.

Ojú Bàbá kì í ṣe irú èyí tí iṣẹ́ abẹ lè là. Oògùn tí à ń kán sí i kàn ń bẹ àìsàn náà ni, kò lè lé e lọ. Dókítà ní kí òjò ọdún yìí tó dá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òjìji nìkan ni Bàbá á máa rí. Ní báyìí wọn ò rí ohun tó wà lórí fóònù mọ́, wọn ò sì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, àwọn tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọmọ méjì dàgbà. Ṣùgbọ́n pátákó ìpolówó ńlá tó wà ní oríta, wọ́n kà á fún mi lánàá láìṣì í kà. Ohun tó bá tóbi, tó sì mọ́ kedere, wọ́n ṣì ń rí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá olùtọ́jú ilé sinimá. Ó fún mi ní àárọ̀ Àbámẹ́ta kan, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje, kó tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníbàárà. Lójú aṣọ sinimá ńlá yẹn ni Bàbá á ti rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà, kò sì sí fọ́tò kan tó ya inú rẹ̀ dáadáa. Èmi ni mò ń yà á, fíìmù àwòrán tó ń rìn, láti orí ògiri tí aṣọ kún dé orí àjákù aṣọ tó wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi pè lórí fóònù. Ó ní, “Dín àwòrán náà kù, kí ara tù ẹ́.” Mo ní mi ò ní dín in kù. Ó ní olórí kunkun ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Onítọ́ọ̀ṣì wá. Òun ló ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì. Bó jẹ́ ọ̀sán gangan, iná tọ́ọ̀ṣì á ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó yọjú wò ó, ó mí kanlẹ̀.

“Aǹtí, gíìgì mẹ́rìndínlógún ni mẹ́mórì yín. Ẹ sọ ọ́ di méjìlélọ́gbọ̀n, ó parí. Gbogbo àwọn tó ń to fídíò ládùúgbò yìí, òun náà ni wọ́n ń lò.”

“Èmi kì í ṣe gbogbo wọn.”

“Ìpele àwòrán mélòó lẹ tò lé ara wọn nínú ìran tó ń pa á yìí?”

“Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀.”

Ó gbójú sókè, iná rẹ̀ sì tàn sí mi lójú. “Aṣọ kọ̀ọ̀kan? Aǹtí, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀ kó di ẹyọ kan. Ẹ̀rọ náà á fúyẹ́.”

Mi ò ní lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bàbá inú fíìmù náà gbọ́dọ̀ lè fa aṣọ kan yọ lára ògiri fún oníbàárà, kí ìyókù mì díẹ̀, kí wọ́n tún dúró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nílé wa, a kì í ki aṣọ bọ ẹ̀rọ kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́ wò. Òwú ọwọ́ la fi ń mú un pọ̀ ná, kó lè ṣeé tú. Bí mo ṣe ń ya àwòrán náà nìyẹn, mi ò mọ ọ̀nà míì, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ó gbé àpótí kékeré kan sórí tábìlì. Ó ní wàhálà parí. Ó ní mò ń pariwo lórí ọgbọ̀n gíìgì, òun ti lọ ra ẹgbẹ̀rún méjì wá.

Mo wo ohun tó rà. Èyí tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà láti fi kó iṣẹ́ pamọ́ ni. Ẹ̀rín pa mí, mo sì gbìyànjú láti gbé e mì, nítorí ẹ̀gbọ́n ni, ó sì fi ìfẹ́ ṣe é.

“Ẹ ṣé gan-an o. Àmọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ rà wá. Mẹ́mórì ni tábìlì, òun ni mo nílò.”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

Bàbá ló dá a lóhùn láti orí àga wọn. “Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ́bọ́ọ̀dù mi kún, tábìlì mi kéré. Ìdajì aṣọ á wà lórí tábìlì, ìdajì á máa wọ́ nílẹ̀. Mo gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kúrú ju èkejì lọ nítorí ẹ̀. Ẹni tó ni ín ní, ‘Télọ̀, kò burú, ó kù kó o wá gé ẹsẹ̀ èmi náà.’ Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá káfíńtà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí rẹ̀ padà lọ, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó ní òun ò rí ìdí tí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé kò fi ní lè ṣiṣẹ́ fún mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Òjò. Iná ò sí. Mi ò ṣe nǹkan kan, inú sì ń bí mi sí òjò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ẹnì kan lórí ìkànnì àwa tó ń ya fíìmù àwòrán sọ pé bí mẹ́mórì mi kò bá ti tó méjìdínláàádóje, kí n má wulẹ̀ dára mi láàmú. Onítọ́ọ̀ṣì ní méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lo ohun tí mo ní. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wọn iṣẹ́ mi wò kó tó lanu. Ta ló ń rán ṣòkòtò láìwọn ìbàdí?

Torí náà mo wọ̀n ọ́n fúnra mi. Mo ṣí ìlà aṣọ kan ṣoṣo lára ògiri inú ìran náà, mo lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi iye mẹ́mórì tó ti jẹ hàn, mo wò ó. Mo pa á dé, mo ṣí ìlà aṣọ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí ọ̀sán fi pọ́n. Ìdajì ògiri nìkan ti jẹ gbogbo ohun tí mo ní tán. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ògiri, tábìlì, Bàbá, oníbàárà, òjò tó ń rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lé ní ogójì dáadáa. Ká tún wá fi ti ohùn kún un, àti ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń jẹ kó tó ṣe nǹkan kan fún èèyàn.

Méjìlélọ́gbọ̀n á fún mi lọ́rùn. Méjìdínláàádóje á dà bí aṣọ àgbà lára ọmọdé. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ìwọ̀n mi. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí, mo ti wọ̀n ọ́n, kò kàn wá látẹnu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

A jà. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ wá kí Bàbá, ó sì tún mú ọ̀rọ̀ náà jáde nígbà tí Bàbá wọlé lọ sùn. Ó ní kí n ya fíìmù náà ní kékeré, ilé sinimá á fà á gbòòrò fúnra wọn.

“Ojú tí ò rí fóònù, ìyàtọ̀ wo ló fẹ́ mọ̀?”

Mo ní, “Nítorí pé wọn ò rí fóònù ni mi ò fi ní dín in kù. Àwòrán kékeré tí wọ́n bá fi tipá fẹ̀, ṣe ló máa ń ṣú, tí etí rẹ̀ á máa yọ́. Ẹ̀yin tójú yín dá, ẹ lè fi ojú inú parí èyí tí ò hàn. Bàbá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí ò bá mọ́, kò sí níbẹ̀ fún wọn.”

Ó wá ní, “Ta lo fẹ́ gbé ga gan-an, Bàbá àbí ara ẹ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án lápá pé ó tó. Mo wò ó lójú, mo ní, “Àwa méjèèjì.” Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, wọ́n lọ. Mi ò sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mẹ́mórì tún ti gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tó ń tà á sì ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. Onítọ́ọ̀ṣì ló mú mi lọ bá a. Mo fi ojú kámẹ́rà mi ńlá ṣe pààrọ̀, mo gba ọ̀pá mẹ́mórì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n. Ojú kámẹ́rà yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kó máa lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

A ki wọ́n bọ̀ ọ́. Àyè mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀rọ náà, àwọn ọ̀pá àtijọ́ méjì ṣì wà nínú méjì. Onítọ́ọ̀ṣì fẹ́ yọ wọ́n.

“Ẹ jẹ́ kí n kó wọn kúrò, Aǹtí. Wọn ò yára tó àwọn tuntun yìí, wọn ò sì jọ wá láti ibì kan náà. Wọ́n lè máa bára wọn jà.”

“Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni?”

“Wọn ò bàjẹ́.”

“Kí wọ́n jókòó síbẹ̀ nígbà yẹn.”

Nílé télọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. A kì í ju àjákù aṣọ nù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, àpò àjákù wa ga jù mí lọ, ibẹ̀ ni gbogbo àpò ṣòkòtò àti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ti ń jáde. Èmi wá ni yóò yọ ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ kí àyè méjì ṣófo? Onítọ́ọ̀ṣì tan ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì ka ọgọ́rin gíìgì sí mi lójú. Mo wo Onítọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó jàre. Ó pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìran ògiri aṣọ ṣí. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá inú fíìmù na ọwọ́, ó fa aṣọ aláwọ̀ ewé yọ, ìyókù mì, wọ́n dúró. Mo dìde, mo jó yí yàrá ká láìsí orin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ayọ̀ mi ò tọ́jọ́. Láti àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń pa ara rẹ̀, tó ń tan ara rẹ̀ padà. Mo lọ ṣí ibi tí Bàbá ti ń na aṣọ sórí tábìlì, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ Ẹtì: kò ṣí. Ó ti bàjẹ́. Mo ṣí ẹ̀dà rẹ̀ tí mo fi pamọ́, òun náà ti bàjẹ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Onítọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lù mí ní jìbìtì. Ó ní, “Mò ń bọ̀ lọ́la, Aǹtí,” ó sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó wá bó ṣe sọ. Kò bá mi jiyàn. Ó yọ àwọn ọ̀pá àtijọ́ méjèèjì, ó gbé wọn sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi, ó sì tan ẹ̀rọ náà. Ó fún un níṣẹ́ tó le jù lọ, títí di ìrọ̀lẹ́ kò kú, kò sì tan ara rẹ̀ padà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta géérégé, ohun tí mo fẹnu ara mi sọ pé òun ni ìwọ̀n mi kí ọ̀kánjúwà àjákù tó mú mi.

Kò sọ pé òun ti wí fún mi. Ì bá sọ ọ́, ara ì bá tù mí. Mo ní kó dúró, mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé e dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bú u, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń dúró de fóònù rẹ̀ bi mí pé ṣé èmi náà ni tàná. Mo ní èmi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ó ní ọ̀nà wá ti là báyìí, kí n yára yà á ní kékeré, kó lè bá ọjọ́ ilé sinimá. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn sì le ju ìjà lọ, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ òótọ́. Mo yarí kanlẹ̀. Mo ní mà á tún un yà bó ṣe rí, ní títóbi tó wà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, “Tí ọjọ́ bá wá pé ńkọ́?” Mo ní kó jẹ́ kí ọjọ́ pé ná.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Bàbá da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife láàárọ̀ yìí. Omi gbígbóná ni. Wọ́n ní àwọn ò rí i pé ife ti sún. Ife ò sún.

Ọwọ́ ọ̀tún ń dùn mí. Mo ti tún tábìlì yà tán, ó ku aṣọ tí wọ́n ń nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá pè mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ọmọ mi, sọ ọ́ fún mi lẹ́nu. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bó o bá ń sọ ọ́, mà á máa rí i.”

“Rárá, Bàbá.”

“O ti rù.”

“Mo ti rù. Ẹ máa fojú yín rí i.”

“Ṣé ìwọ àti Ọlọ́run lẹ jọ ṣe àdéhùn ni?”

“Èmi àti kọ̀ǹpútà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá na ọwọ́ láti fi kàn mí lórí, èjìká mi ni ọwọ́ wọn bà. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo sunkún níbẹ̀, mo bọ́jú, mo padà sídìí iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí gbogbo èèyàn lẹ́nu, mo wá kọ ọ́ sí ẹni tí mò ń ṣe é fún. Bí mi ò bá bá ọjọ́ yẹn, mà á ti gba fíìmù lọ́wọ́ wọn, mà á sì ti gba ìtàn náà pẹ̀lú.

Síbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀gbọ́n mi wá, kò sọ nǹkan kan nípa kékeré tàbí ńlá. Ó ní láti òní lọ, òun ni yóò máa wá kán oògùn sí Bàbá lójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n lè gbájú mọ́ iṣẹ́. Ó ṣe é tán, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ògiri aṣọ.

“Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn ni aṣọ onílà wà. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé. Mo máa ń fi orí tì í nígbà tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé.”

Òótọ́ ni. Mo fa aṣọ onílà náà, mo gbé e sísàlẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó parí. Mo ní kí ẹ̀rọ náà kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di fíìmù, mo sì ṣọ́ ọ bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Nígbà tó dé ìran ògiri aṣọ, mẹ́mórì gun òkè, ó gun òkè, ó dé méjìdínlọ́gọ́ta, ó dúró. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ìran náà jáde ní títóbi rẹ̀, kò sí aṣọ kan tó sọnù. Mo ké mọ́ kọ̀ǹpútà náà pé mo ti sọ fún wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Òjò rọ̀ láàárọ̀, a sì lọ nínú rẹ̀. Àwa mẹ́rin péré ló wà nínú ilé sinimá náà: Bàbá láàárín, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, olùtọ́jú lẹ́yìn. Ní ojú ọ̀nà, Bàbá ti bi wá lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni.

Olùtọ́jú pa iná. Mi ò lè wo fíìmù náà. Ojú Bàbá ni mò ń wò, nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ti iwájú wá. Orí wọn dúró sójú kan, wọn ò mira. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí, wọn ò sọ nǹkan kan. Òjò rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan. Ògiri aṣọ kún ojú aṣọ sinimá láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti pẹ́ jù, mo ti fi orí kunkun pàdánù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ gba ẹ̀yìn àga wọn, ó di ọwọ́ mi mú.

A dé ibi tí oníbàárà ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun rẹ̀, tó ń yí ara níwájú dígí.

“Ẹ dá a dúró,” Bàbá wí.

Olùtọ́jú dá a dúró. Wọ́n dìde, wọ́n di apá ẹ̀gbọ́n mi mú, wọ́n rìn lọ títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ sinimá náà. Wọ́n gbé ìka lé àyà oníbàárà náà, ìka wọn ò ṣì í.

“Ta ló rán ṣẹ́ẹ̀tì yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá.”

“Irọ́ ni. Ọkùnrin ló wọ̀ ọ́, o wá lu ihò bọ́tìnnì sápá ọ̀tún. Ti obìnrin lo gbé wọ̀ ọ́ yìí. Ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?”

Ihò bọ́tìnnì ni wọ́n rí. Ẹ̀gbọ́n mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹkún ni mo fi dá wọn lóhùn, Bàbá sì rò pé ìtìjú ló mú mi, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wí lọ́tun. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí fíìmù yìí bó ṣe wà, nítorí orúkọ àwọn ló wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn. Wọ́n kọjú sí olùtọ́jú, wọ́n bi í bóyá àyè wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí àwọn gbọ́dọ̀ padà wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Ó ní àyè wà.

Ihò bọ́tìnnì méje ni mo máa gbé sápá òsì. Mo ti ṣí kọ̀ǹpútà.